Ẹ Bi Wá Léèrè Irin Tó Wà Lára Wa

Lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti sí gbogbo ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tó ń ra ẹ̀rọ CT tàbí tó ń bójú tó o, láti Adó títí dé Ìdó

Ẹ̀yin àgbà wa,

Mo mọ̀ pé ìwé pọ̀ lórí tábìlì yín: owó oṣù, epo jẹnẹrétọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kó lọ sókè òkun. Tèmi kò ní gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ irin ni mo bá wá.

Ọmọ Ìrè ni mí. Ọmọ Ìrè kò sì lè sọ pé òun kò mọ irin, torí Ògún tí àwọn alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀ ń bọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Oníìrè ni wọ́n ń kì í. Físíìsì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí irin àti físíìsì wá pàdé nínú itan àbúrò mi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà di tèmi.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú títì Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́. Eegun itan rẹ̀ ọ̀tún dá. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. A jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́, ilé ìwòsàn ló borí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ki irin gígùn bọ inú eegun, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní rọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi skúrù dè é lókè àti nísàlẹ̀. Ó rìn. Ó padà sí oko rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin ni ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, pàápàá tó bá ń gun òkè, òkè kò sì wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Dókítà wo X-ray, ó ní òun kò lè búra pé eegun náà so pọ̀. Ó ní kí á lọ ya CT.

N kò ní dárúkọ ibi tí a kọ́kọ́ lọ. Wọ́n gba owó, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, wọ́n yà á. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wà nínú itan rẹ̀. Nígbà tí àwòrán jáde, mo bá wọn wò ó. Ibi tí rọ́ọ̀dù wà funfun báláú, ìlà funfun àti ìlà dúdú sì tú jáde láti ibẹ̀ lọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe máa ń ya oòrùn sínú ìwé. Eegun tí a torí rẹ̀ wá kò hàn rárá. Ìwé tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé irin kò jẹ́ kí àwọn rí ibẹ̀.

Oṣù méjì kọjá kí a tó rí owó mìíràn kó jọ. Ibòmíràn la lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ya àwòrán níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó wá kọjú sí àbúrò mi.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, irin wo ni wọ́n fi sínú ẹsẹ̀ yín? Ọdún wo ni? Ṣé ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ yẹn dání?"

Ìwé kò sí. Ó ní kò burú. Ó gba X-ray àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè síná, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí àbúrò mi ká ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè kí ó má bàa wà lójú ọ̀nà ìtànṣán. Ó yí nǹkan méjì mẹ́ta padà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ní kó mú ara dúró. Àwòrán tó jáde ní àbàwọ́n tirẹ̀, ṣùgbọ́n a rí eegun. Ojú ibi tó dá là síbẹ̀, kò so. Ohun tí dókítà ń wá láti oṣù méjì sẹ́yìn nìyẹn.

Mo béèrè nípa ẹ̀rọ náà kí n tó kúrò níbẹ̀, torí mo rò pé tuntun ni. Kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ ju ti ibi àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọ́n fi ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ ni pé ẹnìkan béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ gbà mí láyè kí n mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìlà èké wọ̀nyẹn ti ń wá kò ní mọ ìdí tí mo fi ń pariwo.

CT kì í ya èèyàn bí kámẹ́rà ṣe ń yà á. Ìtànṣán X-ray á gba ara kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó ń ka iye tó ṣẹ́ kù á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn méjèèjì á sì jọ máa yí ẹni tó dùbúlẹ̀ po. Ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dé, òjìji kan. Kí wọ́n tó yípo tán lẹ́ẹ̀kan, òjìji náà ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kọ̀ǹpútà á wá ti ara òjìji ṣírò ohun tó ni òjìji. Godfrey Hounsfield, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá EMI ṣiṣẹ́, EMI kan náà tó ń tẹ àwo orin nígbà náà, ló kọ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní London, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1971. (Ọjọ́ yẹn náà ni ọjọ́ òmìnira wa, òun náà sì ni ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ọmọ kíláàsì mi kan kò gbàgbé rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ fún un bẹ́ẹ̀.) Allan Cormack, tí wọ́n bí sí Johannesburg, tó sì ti ń rò ó láti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Cape Town, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979.

Orúkọ Hounsfield ni wọ́n fi ń pe òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ náà ń lò. Omi jẹ́ 0. Afẹ́fẹ́ fi 1000 rẹlẹ̀ sí òdo. Eegun líle lè fi 1000 ga jù ú lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, òṣùwọ̀n náà parí sí 3071, irin sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àfi bí ẹni fẹ́ fi kóńgò kan ṣoṣo wọn gààrí inú lọ́rì.

Èyí tó fa ìlà èké gan-an lọ jìn ju ti òṣùwọ̀n lọ. Ìtànṣán X-ray kì í ṣe irú kan, ó dà bí èlùbọ́ tí a kò tíì kù. Ó ní èyí tó lágbára, ó ní èyí tí kò lágbára. Bí ó bá ti ń wọ ara, ara á máa kù ú: èyí tí kò lágbára á há sínú ẹran, èyí tó lágbára á jáde. Eegun ń kù ú ju ẹran lọ. Irin ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ohunkóhun kọjá bí kò ṣe àwọn alágbára díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ gbà pé irú èlùbọ́ kan náà ló wọlé tó sì jáde. Nígbà tó bá rí i pé àwọn tó jáde lágbára tó bẹ́ẹ̀, á rò pé nǹkan tó wà lọ́nà wọn kò nípọn tó bí ó ṣe nípọn, á sì kun ibẹ̀ ní dúdú. Bí irin bá wá nípọn jù, tí ohun tó jáde kò tó nǹkan, ariwo inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni á máa kà. Kọ̀ǹpútà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Ohun tó bá bá lọ́wọ́ ni á fi ṣírò, ìlà funfun àti dúdú tí à ń rí sì ni ìdáhùn rẹ̀.

Irin kì í sì ṣe ìkan náà. Títániọ́ọ̀mù, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú tábìlì kẹ́mísìrì jẹ́ 22, rọrùn fún CT ju irin tí kì í dógùn-ún lọ, tí ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀dù wa jẹ́. Áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ 26, kóbálítì tó máa ń wà nínú ìbàdí àtọwọ́dá jẹ́ 27. Góòlù jẹ́ 79, mákúrì tó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń dí eyín jẹ́ 80. Ìyá àgbà kan tó fi eyín góòlù ṣoge nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n wá fura sí kókó lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ lónìí, eyín yẹn lè bo gbogbo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Ọdẹ tí ọta ìbọn ṣákábùlà ṣì wà nínú èjìká rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í pe ẹran, òun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde jù lọ ní àgbáyé. Àrùn náà a máa pa orí eegun itan lára àwọn ọ̀dọ́, àwọn kan nínú wọn á sì pààrọ̀ ìbàdí kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún. Irú wọn á gbé irin yẹn rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn á sì wọ yàrá CT ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lábẹ́ igi ọdán: pé ẹni tí irin bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibi ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ á fa irin náà jáde. MRI ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe CT. MRI ló ń lo òòfà, òun ló sì yẹ kí ẹni tó gbé irin bi dókítà léèrè dáadáa kí ó tó wọ̀ ọ́. CT kò lo òòfà. Kò ní fa rọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ èyí lórí rédíò, torí mo mọ bàbá kan tó sá kúrò lórí ìlà nítorí rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn yí padà? Mo bi í, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ọmọ rere. Ó gbé agbára ìtànṣán láti kílófóòtì 120 lọ sí 140, kí àwọn alágbára lè pọ̀ tó láti gba inú irin kọjá. Ó gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́ tínrín. Ó mú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìṣirò tí wọ́n ṣe fún irin ṣiṣẹ́, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Nígbà tí ó ń wò ó, ó fẹ ojú ìwò náà gan-an kí funfun má bàa bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni èyí, ìka kan lórí máòsì ni. Ká ní orí tàbí ọrùn ni, ó ní òun ì bá dọ́gbọ́n sí bí orí ṣe tẹ̀ kí ìtànṣán má gba inú eyín kọjá lọ sí ibi tí wọ́n fẹ́ wò. Àti kí ó tó ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ó ti ní kí àbúrò mi bọ́ ìgbàdí tó so mọ́ ìdí. Irin wà nínú awọ rẹ̀. Àbúrò mi kọ́kọ́ kọ̀, mo ní kó bọ́ ọ, ó bọ́ ọ.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìṣirò tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ àná. Willi Kalender àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tẹ ọ̀nà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Radiology ní 1987: kí kọ̀ǹpútà dá òjìji irin mọ̀ láàrin gbogbo òjìji yòókù, kí ó gé e kúrò, kí ó sì fi ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì dí àlàfo náà, bí ẹni fi aṣọ mìíràn lẹ ibi tó ya. Ní 2010, Esther Meyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe kí ìlẹ̀ náà má bàa hàn gbàgà. Lónìí gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ̀rọ CT ló ní tirẹ̀: Philips ń pe tiwọn ní O-MAR, Siemens ní iMAR, Canon ní SEMAR, GE ní Smart MAR. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń lo agbára ìtànṣán méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kọ̀ǹpútà á sì ya àwòrán bí ẹni pé ìtànṣán alágbára nìkan ló wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ CT àkọ́kọ́ tó ń ka pátíkù ìtànṣán níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dára. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ rà á.

Aṣọ tí a fi lẹ èkejì lè tan ojú jẹ. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ irin yìí a máa nu eegun tó wà lẹ́bàá irin nù nígbà mìíràn, a sì máa dá ìlà tuntun sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Dókítà tó ń ka àwòrán gbọ́dọ̀ rí méjèèjì, èyí tí wọ́n tún ṣe àti èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn. Níbi tí wọ́n ti fún un ní ẹyọ kan ṣoṣo, wọn kò ṣe é tán.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé kọngílá sọ̀rọ̀ tààrà. Àwọn ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí lè jẹ́ ohun tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ yóò kà sí àfikún, tí yóò sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń wá ẹ̀rọ, yóò tà yín ní èyí tí kò ní i, ẹ ó sì máa lò ó fún ọdún mẹ́wàá. Ìlà kan péré ni nínú ìwé yẹn. Ó yẹ kó wà ṣáájú àwọ̀ kọ́tíìnì yàrá.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí kò wọ yàrá yẹn rí kò lè mọ̀. Àwòrán tí wọ́n ń kọ sínú síìdì fún wa, àwòrán tó ti jinná ni. Òjìji àkọ́kọ́, tí gbogbo àwòrán ti jáde, inú ẹ̀rọ ló ń gbé, ó sì máa ń tóbi débi pé ẹ̀rọ á pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí àyè lè wà fún ẹlòmíràn. Bí dókítà bá ka àwòrán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tó ní kí wọ́n fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ irin tún un ṣe, òjìji náà ti lọ. Aláìsàn ni yóò padà wá dùbúlẹ̀, tí ìtànṣán yóò sì gba inú ara rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi nìyẹn. Mo padà lọ sí ibi àkọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò bá wọn jà, wọn kò parọ́. Ẹ kàn pa á láṣẹ pé òjìji ẹnikẹ́ni tó bá gbé irin kò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ títí dókítà yóò fi kà á tán. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Mo ti dé ibi tó ká mi lára jù. Báwo ni oníṣẹ́ àwòrán yóò ṣe mọ irin tó wà lára wa?

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, wọ́n á fún un ní káàdì kó máa gbé e kiri. Ní England àti Wales, láti 2003 ni ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè ti wà fún gbogbo ìbàdí àti orúnkún àtọwọ́dá. Sweden ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn fún ìbàdí láti 1979. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2017, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, sọ pé kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ohun tí wọ́n ń fi sínú ara pèsè káàdì fún ẹni tó gbé e. Ẹnìkan ní ìjọba yín lè ní kí á kúkú da òfin yẹn kọ. Kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: wọ́n yọ skúrù, pléètì, wáyà, pínnì àti ohun tí wọ́n fi ń dí eyín kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ kúrò yẹn gan-an ló kún ara tiwa. Ọ̀kadà ló ń fi irin sí wa lára ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Láti 2011 tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti dé, tí àwọn ọmọ ń sáré láàrin ìlú méjèèjì láti kíláàsì dé kíláàsì, ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù egungun kí ẹ wo ọjọ́ orí àwọn tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó sì dùn mí. Lewis Zirkle, dókítà eegun kan ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ SIGN sílẹ̀ ní 1999 ní Richland, ní ìpínlẹ̀ Washington, kí àwọn aláìní lè rí rọ́ọ̀dù gidi lò. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí dókítà fi lè rí ihò skúrù láìní ẹ̀rọ X-ray nínú tíátà. Ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Nàìjíríà ti jàǹfààní rẹ̀, Ọlọ́run yóò san wọ́n lẹ́san. Dókítà tó bá lo rọ́ọ̀dù wọn á kọ ìròyìn iṣẹ́ abẹ náà, pẹ̀lú X-ray rẹ̀, ránṣẹ́ sínú àkójọ wọn. Ìyẹn ni pé a lè rí àgbẹ̀ kan ní Ayédé tí wọ́n mọ irin inú itan rẹ̀ ní Richland, ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, tí yàrá CT tó kángun sí ilé rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ìwé wà. Ó kàn gba orí aláìsàn kọjá lọ sí òkè òkun ni.

Nítorí náà mò ń bẹ̀ yín fún káàdì. Páálí kékeré bíi ti ìdìbò. Orúkọ èèyàn, apá ibi tí irin wà, irú irin, iye skúrù, ọdún, ilé ìwòsàn. Kí nọ́ọ̀sì tíátà kọ ọ́ kí aláìsàn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, bí a ṣe ń kọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ọ̀pọ̀ irin ló ń bá sítíkà tirẹ̀ wá nínú páálí, tí nọ́ńbà àti irú irin ti wà lórí rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gbá a dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí tíátà. Kí ẹ wá fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù CT, kí ó wà lókè pátápátá, kí wọ́n máa bi í ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Ẹ má kọ "implant" síbẹ̀ kí ẹ ní ẹ ti béèrè. Ìyá tó wá láti Ìtapá yóò ní kò sí, òun kò ní implant, pẹ̀lú ìbàdí irin lábẹ́ ìró rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Màmá, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí? Ṣé irin wà níbì kan lára yín? Eyín yín ńkọ́?"

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìdó, ilé ìwòsàn yín ti di ti ìkọ́ni láti 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú garawa omi kan. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ pọn omi sínú garawa oníke, ẹ gbé rọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ti yọ lára aláìsàn sí àárín rẹ̀, kí ẹ ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ yà á ní 120, kí ẹ yà á ní 140, kí ẹ mú ìtòlẹ́sẹẹsẹ irin ṣiṣẹ́, kí ẹ pa á. Omi kò ní eegun, gbogbo ìlà tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ èké ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ̀rọ yín lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ẹ ó sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri fún ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Àwọn ọmọ ẹnjinníà wà ní Ìkọ̀lé tí wọ́n ń wá iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ pè wọ́n. Bí ẹ bá sì ń wá arúgbó tí yóò gbé garawa, mo wà ní Ìrè.

Mo mọ ohun tí ẹ lè fi dá mi lóhùn. Pé gbígbé agbára lọ sí 140 ń fi kún ìtànṣán tí ara ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n ṣe é fún ẹni tí kò gbé irin, ìdí náà sì nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n béèrè. Ẹni tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọn kò béèrè lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ ti kọjá àfikún kékeré. Ẹ tún lè sọ pé àwọn oníṣẹ́ àwòrán kò tó, pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Òótọ́ ni, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni káàdì yóò ràn lọ́wọ́ jù, torí kò ní máa fi ọ̀rọ̀ wá irin nínú èèyàn.

Wọ́n ti yọ rọ́ọ̀dù àtijọ́ kúrò lára àbúrò mi, wọ́n sì ti ki èyí tó nípọn jù ú bọ ibẹ̀. Eegun ti ń so. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, mo bẹ dókítà náà pé kí ó bá mi kọ irú irin tó lò. Ó wò mí bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ ṣe, ó wá ní kí nọ́ọ̀sì lọ wo bóyá wọn kò tíì da páálí rẹ̀ nù. Wọn kò tíì dà á nù. Ó ṣí sítíkà kan lára rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré kan, ó kọ "itan ọ̀tún" àti ọjọ́ náà sí i lábẹ́, ó fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Ọ̀yẹ́, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Àpò kan náà ló wà pẹ̀lú káàdì ìdìbò rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpòòwé yìí, mo ti pa orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, kí ẹ lè rí bí ó ṣe tóbi tó.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìrè-Èkìtì